Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Gbọ̀n

Ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ojú irin já wọn sílẹ̀ ní Jinja ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ ogun Àṣólì, àwọn ará àríwá Uganda, pé wọn ò tíì ní lọ sílé. Ogun ti parí o. Àwọn Jàpáànì ti kó ohun ìjà wọn sílẹ̀, ọba Gẹ̀ẹ́sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ tajá-tẹran lórí rédíò, ọkọ̀ ojú omi sì ti gbé àwọn tó ṣẹ́ kù láti Bọ́mà dé Mombasa láìséwu. Àmọ́ dókítà kan kù tó gbọ́dọ̀ yẹ orí wọn wò kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ìdásílẹ̀.

“Orí wa kẹ̀?” Odur bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé wọ́n rò pé a gbàgbé rẹ̀ sí Bọ́mà ni?”

Odur yìí ni aláwàdà ẹgbẹ́ náà, ọkùnrin kúkúrú kan tí ọta ibọn ti gé etí òsì rẹ̀ dànù, tó sì máa ń sọ fún àwọn obìnrin ojú ọ̀nà pé olólùfẹ́ òun kan ló fi eyín gé e jẹ. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì Nyeko nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù láàárín wọn, torí ó ti lo ọdún mẹ́rin nílé ìwé àwọn míṣọ́nárì, òun ni wọ́n sì ní kó máa túmọ̀ fún dókítà. Ìwé ìbéèrè náà ti wà lápò rẹ̀ láti àárọ̀. Ogún ìbéèrè ló wà nínú rẹ̀. Ṣé o máa ń sùn dáadáa? Ṣé àyà rẹ máa ń já bí ilẹ̀kùn bá pariwo? Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi kí o lu ẹni tí kò ṣẹ̀ ọ́? Ìkẹrìnlá ni kò fẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé o máa ń rí ẹni tó ti kú?

Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n pe ìgbìmọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Àwọn mẹ́tàlélógún ló jókòó yíká, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba òkè kan lọ́wọ́ ọ̀tá, Odur sì mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ dání, ó ń fi ya ilẹ̀ bí ọ̀gágun.

“Ẹ gbọ́ mi,” ó ní. “Ẹ ò rántí ọmọ ẹ̀yà Lango yẹn tó wà nínú ẹgbẹ́ kẹta? Wọ́n bi í bóyá ó ń sùn, ó ní òun ò sùn. Òótọ́ ló sọ. Ibo ló wà báyìí?”

“Ilé àwọn wèrè,” ni ẹnì kan dáhùn.

“Ilé àwọn wèrè! Wọ́n ti fá orí rẹ̀, wọ́n tì í mọ́nú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ sì wà nílé tó ń lọ ọkà dè é. Torí náà, bí dókítà bá bi yín, rárá ni. Ẹ ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò pa ẹnikẹ́ni. Ṣe ni gbogbo wa lọ gbin ìrẹsì ní Bọ́mà.”

“Nílé ńkọ́?” Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn ló bèèrè. “Nílé, a gbọ́dọ̀ sọ ọ́.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ọmọ Àṣólì kò gbọdọ̀ pa èèyàn lójú ogun kó wọlé bí ẹni tó lọ sọ́jà. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fáwọn àgbà, kí wọ́n yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n wẹ ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n tó fún un lórúkọ ogun tí wọ́n á máa fi kí i títí ayé. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òkú náà á máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Bó bá sì sú òkú náà láti máa tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn, á yà bá ọmọ rẹ̀.

“Nílé, ẹ sọ ọ́,” Odur ní. “Níbí, ẹ gbé e mì.”

Wọ́n fa ọ̀bẹ ẹnu ìbọn kan yọ, wọ́n sì gbé e yíká láti ẹnu dé ẹnu. Ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ahọ́n lá irin náà, ó ní kí irin pa òun bí òun bá tú àṣírí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nyeko, òun náà lá a. Ó gbójú sókè, ó sì rí Olanya tó dúró lẹ́yìn Odur, tó ń dúró de tirẹ̀ kí òun náà lá a.

Olanya ti kú láti oṣù mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn.

*

Dókítà Merrick kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, kò sì jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun mẹ́ta ló fi ń dán èèyàn wò. Á ní kí o na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, á sì gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà láti wo bó ṣe ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, sójà kan tó dúró lẹ́yìn rẹ á ju àwo páànù sílẹ̀ lójijì, dókítà á sì máa wo ojú rẹ. Ogún ìbéèrè yẹn ló kẹ́yìn.

Àwọn ọmọ náà ti múra sílẹ̀ dè é. Wọ́n ká ìka ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú nínú bàtà kí apá wọn lè dúró. Àwọn tó tò síta máa ń wúkọ́ nígbà tí sójà náà bá bẹ̀rẹ̀ láti mú àwo, kí ẹni tó wà nínú lè mọ̀ pé ariwo ń bọ̀. Rárá, sà. Rárá, sà. Nyeko ń túmọ̀ rárá títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí ẹni kọkàndínlógún jáde, dókítà gbé kálámù sílẹ̀.

“Sájẹ́ǹtì, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé àwọn èèyàn yìí wá lẹ́yìn ìjà orí òkè yẹn ní Bọ́mà, ibẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni àwọn Jàpáànì fi ká yín mọ́. Mo gbọ́ igbe wọn lójú oorun. Ní báyìí, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń lá àlá?”

“Àwa Àṣólì kì í fi bẹ́ẹ̀ lá àlá, sà.”

“Kí ló dé tí ikọ́ pọ̀ níta báyìí?”

“Eruku ni, sà.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé náà. Ó fọwọ́ sí i fún gbogbo wọn. Bóyá ó mọ̀ pé ilé àwọn wèrè kò ní ṣe wọ́n lóore, bóyá ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, Nyeko kò mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà gbé bébà lé e, bébà náà kò mira rárá. Sójà ju àwo sílẹ̀, kò sẹ́ni tó wúkọ́ níta mọ́, torí wọ́n ti lọ jẹun, síbẹ̀ Nyeko kò ṣẹ́jú. Olanya ló ń wò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, okùn ìgò omi mẹ́fà há sí i lẹ́nu, ó sì ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa.

“Ìkẹrìnlá,” dókítà ní. “Ṣé o máa ń rí ẹni tó ti kú?”

“Rárá, sà.”

Dókítà bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó tún wo Nyeko. “Èmi mọ bí mo ṣe ń tọ́jú ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n,” ó ní. “Tìrẹ yìí ló ń dẹ́rù bà mí. Ta ló máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ nílé?”

“Àwọn àgbà wa, sà.”

“Kí ni wọ́n máa bi ọ́?”

“Ẹni tí mo pa.”

“O ò ní parọ́ fún wọn bí o ṣe parọ́ fún mi?”

Nyeko ká ìwé ìbéèrè náà padà sápò. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le, orí rẹ̀ pé, ó lu òǹtẹ̀ lé e, ó sì nawọ́ ìwé náà sí i.

*

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Ọmọ ìsàlẹ̀ odò ni Nyeko, ọmọ òkè odò ni Olanya, omi kan náà ni àwọn méjèèjì jọ wẹ̀ dàgbà. Olanya kò ní bàbá. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, òun náà nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ìgbà tí wọ́n wá kó ọmọ ogun, Nyeko ló kọ́kọ́ kọrúkọ, Olanya ní bó bá ń lọ, òun náà ń lọ. Ìyá Olanya di ọwọ́ Nyeko mú lẹ́bàá ọkọ̀, ó ní, “Ìwọ lẹ̀gbọ́n o. Mo fi í lé ọ lọ́wọ́.”

Lórí òkè yẹn, ní ọjọ́ kẹrìnlá tí ọ̀tá ti ká wọn mọ́, omi tán. Àwọn ọ̀gá ṣèpàdé nínú kòtò. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, torí ẹsẹ̀ odò náà gan-an ni àwọn Jàpáànì wà. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ń gun òkè bọ̀, kí ẹni tó ń ṣọ́nà béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí lẹ́ẹ̀mejì, bí kò bá dáhùn, kó yìnbọn. Ọ̀rọ̀ Àṣólì tó le lẹ́nu àjèjì ni wọ́n yàn, kí ọ̀tá má baà rí i pè.

Olanya kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ tí àwọn tó fara gbọgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, ó kó ìgò mẹ́fà, ó sì fàyà fà sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ojúmọ́ ti ń mọ́, ìkùukùu bo ilẹ̀, Nyeko sì ti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́nà tẹ́lẹ̀. Ó gbọ́ tí ewé ń dún. Ó rí òjìji ènìyàn tó ń gòkè bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Kò gbọ́ èsì. Ó tún béèrè. Ohùn kan kùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun, ẹni náà sì ń bọ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ Nyeko kò gbọ̀n. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó fàyà fà débẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ méjèèjì ni Olanya fi ń di gbòǹgbò mú láti gun òkè. Eyín ló fi di okùn àwọn ìgò náà mú. Ẹni tó há nǹkan sẹ́nu kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ọ̀gá wọn kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀tá ló pa á. Nyeko wà níbẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ó sì dákẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Olanya ti ń bá wọn tò nígbàkigbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ. Kì í dúró de òru kó tó wá. Ọ̀sán gangan ló máa ń wá, nígbà tí oòrùn bá wà lókè, tí gbogbo ènìyàn ń rìn, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba Nyeko débi pé ó ti gbàgbé bí ó ṣe máa ń rí kí ènìyàn má bẹ̀rù.

Kí wọ́n tó kúrò ní Bọ́mà, ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Ó kọ ọ́ pé: Ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ mi sáré pàdé mi. Aciro ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì fojú kàn rí. Ohun tó kọ kò ju ìyẹn lọ, ohun tí wọ́n sì kà nílé kò jọ ohun tó ní lọ́kàn. Ta ni ọmọ Àṣólì á lọ pa ní Bọ́mà bí kì í ṣe ọ̀tá?

*

Nígbà tí ọkọ̀ já a sílẹ̀, wọ́n ti ń fun ìwo. Wọ́n gbé ẹyin adìẹ kalẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ fọ́, bí ẹni tó ti òkèèrè dé ṣe máa ń fi ẹ̀gbin òde sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin ké igbe ayọ̀. Bàbá rẹ̀, Lakor, arúgbó tí kì í fi ayọ̀ hàn, ń jó. Nyeko rí ìyá rẹ̀ lókèèrè tó gbá ọmọdébìnrin kan mọ́ra kó má baà sá lọ bá a. Ọmọ náà ń jà gùdùgùdù, ó ń pariwo, “Ẹ fi mí sílẹ̀, bàbá mi nìyẹn!” Nyeko yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú un lọ sínú ahéré tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ọgbà.

Bàbá Obwoya ló wà níbẹ̀ dè é. Òun ló kù nínú àwọn tó gba orúkọ ogun nígbà tí àwọn oníṣòwò ẹrú ṣì ń wá láti àríwá, àpá ìwẹ̀nù sì tò lórí èjìká rẹ̀ bí èékánná ẹyẹ. Ẹni tí wọ́n bá ti wẹ̀ rí nìkan ló lè wẹ ẹlòmíràn. Àárọ̀ mẹ́ta ló fi máa ń bi ènìyàn léèrè kó tó sọ pé ó yá.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ó ní, “Ẹni tí o pa, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

“Ìbọn ni, bàbá.”

“Ó dáa.” Arúgbó náà fa tábà sí imú. “Jẹun.”

Ní àárọ̀ kejì, ó ní, “Níbo ló kọjú sí nígbà tó ṣubú?”

“Ó kọjú sí mi.”

“Kí ló sọ?”

“Èdè wọn ló sọ, bàbá. Mi ò gbọ́.”

“Ó dáa. Jẹun.”

Ní àárọ̀ kẹta, kò bi í ní nǹkan kan. Ó jókòó tì í títí oòrùn fi wọ ahéré náà.

“Àwọn òyìnbó ní orí rẹ pé,” ó ní níkẹyìn. “Bàbá rẹ ti fi ìwé náà han gbogbo àdúgbò. Ó so ó mọ́ ọ̀pá ilé.”

“Mo gbọ́.”

“Èmi ò mọ̀wé. Àwọn ọkùnrin mọ́kànlá ni mo ti wẹ̀. Nígbà tí mo bá bi wọ́n nípa ọ̀tá tí wọ́n pa, wọ́n máa ń wo ọwọ́ wọn. Ìwọ, ẹnu ọ̀nà lo máa ń wò. Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?”

Omi bọ́ lójú Nyeko kó tó mọ̀. “Kò sẹ́nì kankan, bàbá.”

“Gbọ́ mi dáadáa, torí lọ́la ni. Ewúrẹ́ tí a máa pa, orúkọ tó bá tẹnu rẹ jáde ló máa bá ṣiṣẹ́. Bí o bá pe Jàpáànì, Jàpáànì ló máa kúrò. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á wà níbẹ̀. A máa tú ọ sílẹ̀, wàá wọlé, ọmọ rẹ á fò mọ́ ọ lọ́rùn, ẹni náà á sì tẹ̀ lé yín wọlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ ni mo fẹ́ mọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ni mò ń sọ.”

“Bí ẹni náà kì í bá ṣe ọ̀tá ńkọ́?”

“Nígbà náà, kò sí orúkọ ogun. Kò sí ijó. Àwọn èèyàn rẹ̀ àti àwa kò ní jẹ, a kò ní mu pọ̀ títí ọjọ́ tí a bá jọ kúnlẹ̀ mu omi gbòǹgbò kíkorò ìlàjà nínú igbá kan. Ó sì lè jẹ́ kí wọ́n ní àwọn ò mu.” Ó dìde, ó di orúnkún rẹ̀ mú. “Bàbá rẹ kò sọ fún ọ ni? Ìyá Olanya ló máa fún ọ lórúkọ. Òun ló sin ewúrẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní Jàpáànì ló pa ọmọ òun, ìwọ lo sì bá òun pa Jàpáànì.”

Nyeko dojú bolẹ̀ nínú ahéré náà, kò sì tún dìde mọ́ lọ́jọ́ náà.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọgbà kún. Àwọn ará òkè odò jókòó sápá ọ̀tún, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò jókòó sápá òsì, ìkòkò ọtí ọkà bàbà wà láàárín. Wọ́n mú Nyeko jáde láìwọ̀ bàtà. Lakor dìde, ó rọ́ ìtàn ìran wọn láti orí baba ńlá rẹ̀, ó ní ọmọ òun gbéra lọ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, ó sì ti padà wá. Àwọn ọkùnrin ké igbe oríkì ìdílé wọn: “Ọmọ ẹkùn ìsàlẹ̀ odò! Ẹkùn tó bú tí igbó dákẹ́!”

Ìyá Olanya ti darúgbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó fa ewúrẹ́ dúdú kan wá, ó dúró níwájú Nyeko, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

“O ti rù o,” ó ní. “Ṣé wọn ò fún yín lóúnjẹ níbẹ̀ ni? Nígbà tí ẹ ń lọ, mo ní mo fi ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́. Ogun mú un. Mi ò bá ọ jà. Wọ́n ní o bá mi gbẹ̀san. Kwormoi ni mo sọ ọ́, ẹni tó gba ẹ̀san. Ó yá, pariwo oríkì rẹ, kí o dárúkọ ẹni tí o pa, kí wọ́n lè dúńbú ẹran yìí.”

Olanya dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Nyeko wo ojú ìyá náà, ó rí i pé ẹ̀rín tó rín sí òun jẹ́ ti ìyá sí ọmọ, ó sì mọ̀ pé bí òun bá dárúkọ Jàpáànì, ẹ̀rín yẹn á jẹ́ tòun títí ayé. Ó wù ú. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí.

“Ìyá,” ó ní, “ẹ fa ewúrẹ́ yín padà.”

“Kí lo wí?”

“Jàpáànì kọ́ ni mo pa. Olanya ni.”

Lakor ló kọ́kọ́ fò dìde. “Oòrùn ń pa á! Ẹ gbé omi wá, àárẹ̀ ọ̀nà ni! Ọpọlọ rẹ̀ ti—”

“Bàbá, orí mi pé,” Nyeko ní. “Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.”

Àwọn ọkùnrin òkè odò ti ń dìde. Ẹnì kan fa ọ̀kọ̀ yọ nílẹ̀. Bàbá Obwoya gbé ọ̀pá rẹ̀ dábùú sáàárín, ó ní, “Ẹni tó bá sọ ọ̀kọ̀, èmi ni kó kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Obìnrin yìí ló ni ọ̀rọ̀.”

Nyeko sọ ọ́ tán. Ó sọ òkè náà, ìkùukùu, ìgò mẹ́fà. Ohùn rẹ̀ kò ga. Nígbà tó dé ibi okùn, ìyá náà gbé ọwọ́ sókè.

“Ẹnu rẹ̀ kún?”

“Ẹnu rẹ̀ kún, Ìyá.”

“Ìwọ sì ń béèrè pé ta nìyẹn.”

“Ẹ̀ẹ̀mejì.”

“Ṣé ó mọ̀ pé ìwọ ni?”

Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ogún tí dókítà kọ, Bàbá Obwoya náà kò bi í. Nyeko gan-an ti sá fún un láti oṣù mẹ́tàdínlógún. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbọ̀n dé èjìká, ó gbọ̀n dé orúnkún, títí tó fi jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú eruku.

“Ó mọ ohùn mi,” ó ní. “Ìdí nìyẹn tí kò fi dúró.”

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀nà fún. Kò ké, kò ju ara rẹ̀ nílẹ̀.

“Omi náà ńkọ́?”

“Kò dà nù. A pín in fáwọn tó fara gbọgbẹ́.”

“Ìwọ náà mu níbẹ̀?”

“Mo mu níbẹ̀, Ìyá.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mú okùn ewúrẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti dìde, wọ́n ti yí ẹ̀yìn sí oúnjẹ àti ọtí, wọ́n ń gba ọ̀nà odò lọ láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò dúró, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Lakor ti bo orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá Olanya rìn dé ẹnu ọgbà, ó dúró, ó sì padà wá títí dé iwájú Nyeko.

“Ó lè pé ọdún márùn-ún kí àwọn èèyàn mi tó gbà,” ó ní. “Ó lè pé mẹ́wàá. Orí rẹ làwọn míì máa ní àwọn fẹ́. Àmọ́ bí ọjọ́ gbòǹgbò kíkorò bá pé, èmi ni mo máa kúnlẹ̀ kọjú sí ọ, mi ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn kúnlẹ̀ níbẹ̀. Torí náà o ò gbọdọ̀ kú. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o so okùn mọ́ igi. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o rìn wọ odò. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, Ìyá.”

“Má pè mí ní Ìyá,” ó ní, “títí dọjọ́ yẹn.”